Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n Tó Gbóná

Ní Mafoluku tí wọ́n ti bí mi, bí iná bá dé, gbogbo àdúgbò ló máa ń hó yèè. Ọmọdé á fò sókè, àgbà á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń fọṣọ á sáré lọ tan páńpù omi. Nílé tiwa, ariwo ayọ̀ yẹn ló máa ń kó bá wa.

Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì, ẹni tó ń gbàdúrà láràárọ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run dití. Òfin rẹ̀ ni pé a ò gbọdọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n bí kò bá sí nílé. Bó bá wọlé, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bó bá gbóná, bẹ́líìtì á kúrò ní ìbàdí rẹ̀, irin orí rẹ̀ ló sì máa ń fi nà wá, kì í ṣe awọ.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́sàn-án Sátidé kan tí àdúgbò hó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tan tẹlifíṣọ̀n. Eré ò tíì dé ìdajì tá a fi gbọ́ ikọ́ bàbá wa lẹ́nu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi pa á, ó wá dá ọgbọ́n kan tí ọmọ ilé wa nìkan ló lè dá: ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fi bo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kó lè tètè tutù. Omi ro wọ inú rẹ̀. Ó bú gbàù, èéfín sì gba inú ilé.

Bàbá mi já wọlé. Ó fi irin bẹ́líìtì gbá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, eyín fò jáde, ẹ̀jẹ̀ dà sí i láyà. Ìyá mi kó sí wọn láàárín, ó na ọwọ́, bàbá mi sì gbá ọwọ́ náà mọ́ etí tábìlì. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Àwọn aládùúgbò ń lu ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é! Ó ti tó!"

Ó kọ́kọ́ gbá èmi náà mọ́ ògiri kó tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ní òun ń bá ọmọ òun wí ni. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì méjì ni bàbá tèmi ní. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti kú báyìí, mi ò sì tíì ṣíwọ́.

Ire-Akari ni mò ń gbé báyìí, èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa ọlọ́dún mẹ́fà. A kì í na ẹnikẹ́ni nílé wa. Síbẹ̀, bí iná bá dé tí wọ́n bá hó, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, òógùn á bò mí, mi ò ní lè mí dáadáa. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Dókítà obìnrin kan ló bi mí pé, "Mà, kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín ní kékeré?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Ọkàn ni mo ní kó wò, kì í ṣe ìtàn ilé bàbá mi. Ó ní ara tí wọ́n fi ìbẹ̀rù tọ́ kì í tètè mọ̀ pé ìjà ti parí. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún: kí èyí má dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹnu géètì ni mo wà tí àdúgbò fi hó. Mo fi òógùn wọlé. Ọmọ mi dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Mọ́mì, mi ò tàn án o. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò gbóná."

"Ta ló ní kó o má tàn án?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀yin lẹ máa ń fọwọ́ kàn án tẹ́ ẹ bá ti dé."

Mi ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ọwọ́ ọ̀tún mi, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà ni mo ti rí i. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mo fi fa ọmọ mi mọ́ra. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n.