Ọjọ́ Tí Mo Jẹ́wọ́ Ẹ̀rù Níwájú Ẹgbẹ́

Mo rántí ìgbà tí ìró fóònù lásán máa ń já mi láyà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àsáláátù wa ní Rosettenville lẹ́yìn odi níbí ni, kì í sì í ṣe nítorí ọgbọ́n orí mi. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ló kọ̀ ọ́, ohùn mi sì máa ń dún bíi ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo wá gbà pé ohùn yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá pè mí, "Kò séwu" ni mo máa ń sọ fún un, màá sì wá lọ jókòó sí balùwẹ̀ títí inú mi á fi dẹ̀kun rírú. Ìyàwó mi rò pé oúnjẹ ló ń ṣe mí, ó sì fi ata dù mí fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́sẹ̀ kan, ariwo gba ìlú pé àwọn kan fẹ́ jáde lé àwọn àjèjì bíi tiwa kúrò. Àwọn èèyàn wa tó ń tajà ní Doornfontein ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà le jù ni bàbá kan tó jẹ́ aránṣọ nínú ẹgbẹ́ wa kú lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ itẹ́ òkú jìnnà, wọ́n sì ní wọ́n ti ń sun táyà lójú títì. A kóra jọ sílé olóògbé. Àwọn kan ní ká sin ín lọ́jọ́ náà, àwọn kan ní ká dúró, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu mi. Ìyàwó olóògbé, ọmọ Súlú tó gba ẹ̀sìn nígbà tó fẹ́ ẹ, wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: kí ọkọ òun má sun inú yìnyín mọ́ṣúárì.

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo ṣí omi, mo sì ń wò ó bó ṣe ń dà nù. Mo ń rí i lójú mi bí wọ́n ṣe ń dáná sun ọkọ̀ wa. Lèmọ́mù wa bá mi níbẹ̀.

"Ààrẹ, ẹ ò tíì tán? Àlùwàlá wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Àlùfáà."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ lọ sọ fún wọn."

Mo rò pé ó fẹ́ kí wọ́n yọ mí nípò ni. Síbẹ̀ mo jáde, mo sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí, pé mi ò mọ ọ̀nà tí a lè gbà, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ràn mí lọ́wọ́. Ojú tì mí bí ẹni tí ṣòkòtò bọ́ nídìí rẹ̀. Ni opó náà bá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá.

"Eish, Ààrẹ! Brother mi ń wa taxi, he knows all the roads. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Kò sẹ́ni tó bi í. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í da opó láàmú lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Jẹ́ẹ́ ló yẹ kó jókòó. Mo ti rí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin níta tó fara ti taxi rẹ̀, mo ṣáà rò pé ó wá bá wa kẹ́dùn ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti òwúrọ̀ ni àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é, tí wọ́n ń sọ ọ̀nà tó ṣí fún un.

Òun ló ṣáájú wa. Ó gba àwọn àdúgbò tí mi ò mọ̀ rí. Ní robot kan, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀, a bá àwọn ọkùnrin tó mú igi lọ́wọ́. Mi ò lè ka àdúrà kankan tán. Àbúrò opó náà yọrí síta, ó kí wọn ní èdè Súlú, ó ní ọkọ ẹ̀gbọ́n òun lòun ń lọ sin. Wọ́n wò wá títí, wọ́n sì yà fún wa. A sin bàbá náà kí oòrùn tó wọ̀.

Èmi ṣì ni ààrẹ. Tí ariwo bá tún gba ìlú, màá tún lọ jókòó sí balùwẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ máa ń bi mí bí mo ṣe borí ẹ̀rù, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ pé mi ò borí rẹ̀. Àwọn tó mú igi yẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù tí mo bá rántí ọjọ́ náà. Ohùn mi tó balẹ̀ yẹn ni. Ká ní mo fi sọ pé ká dúró ni, gbogbo wọn ì bá gbà mí gbọ́, opó yẹn ì bá sì dákẹ́ sínú yàrá rẹ̀.