Bí Edgar Wàràkàṣì Ṣe Di Òkú Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Mọ́ Lọ́rì

Ó tọ́ kí gbogbo ayé mọ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ, pé Edgar Tallentire kì í kọjá lára okùn kó má fà á wò. Okùn yòówù kó jẹ́. Okùn tí opó ń sá aṣọ sí, okùn àgọ́ àwọn tó ń gun òkè kiri, okùn ọrùn ajá tí ajá ṣì wà nídìí rẹ̀. Á dúró, á fi ìka méjì kàn án, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á mirí bíi dókítà tí àyẹ̀wò kò tẹ́ lọ́rùn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dún kan, ó fa okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì wò ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ìdajì ìlú sì tú jáde wá béèrè ẹni tó kú.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi wa lọ́rì fún ilé iṣẹ́ Haythorpe, nígbà tí gbogbo ìlú kéékèèké tó wà láàárín Kendal àti Penrith, níhìn-ín nílẹ̀ òyìnbó, ní ilé iṣẹ́ akẹ́rù tirẹ̀, tí oníkálukú sì ní àwọ̀ tó ń kun ọkọ̀. Aláwọ̀ ewé ni Haythorpe. Láyé ìgbà náà, èèyàn lè pa ṣọ́ọ̀ṣì dà, ó lè pa ìyàwó dà pàápàá bó bá ní sùúrù, ṣùgbọ́n bí o bá ti wa lọ́rì aláwọ̀ ewé rí, ẹlẹ́wé ni ọ́ títí wọn á fi gbé ọ sin. Àwọn tó kórìíra Haythorpe jù láyé ni àwọn Rudkirk, tí ọkọ̀ tiwọn pọ́n bí ojú ẹni tó sùn ti ọtí. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀, wọn á ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó pẹ́ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó rántí.

Clifford Nattrass, tó jẹ́ awakọ̀ Rudkirk, ni ọ̀rẹ́ Edgar tímọ́tímọ́. Ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ ló ń bú u.

Ohun tó fi ń bú u nìyí. Ní oṣù kejì ọdún 1966, Edgar kó igba wàràkàṣì, èyí tó rí rìbìtì bíi táyà, ó ń gbé wọn gun òkè Shap. Títì márosẹ̀ kò tíì sí nígbà náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba orí òkè yẹn lọ sí Scotland, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì lè bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ní kọ́nà kejì, kókó okùn kan tú. Àwọn wàràkàṣì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìjọ tó ń jáde lẹ́yìn ìwàásù gígùn. Wọ́n yí gba ojú títì, wọ́n yí wọ pápá, àwọn àgùntàn ń sá fún wọn. Clifford ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an nínú ọkọ̀ pupa. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì fọn fèrè. Ó ní òun kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n rí kó padà nínú igba. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ní àwọn kò rí nǹkan kan, wọ́n sì ń jẹun bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Edgar ti ń jẹ́ Wàràkàṣì. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà rò pé orúkọ ìdílé wọn ni.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn arúgbó awakọ̀ máa ń pàdé ní ilé oúnjẹ Jean lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́, àwọn ẹlẹ́wé níbi fèrèsé, àwọn pupa níbi ààrò. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín tí dókítà ti ní kí wọ́n má jẹ, wọ́n á sì tún gun òkè Shap lẹ́nu. Yìnyín tó bọ́ lọ́dún 1963 ń ga sí i lọ́dọọdún ní ilé Jean.

"Wàràkàṣì, o ti jí?" Clifford á ní.

"Mo jí. Ìwọ ni mo rò pé o ti kú."

"Ó ku díẹ̀. Ẹ gbọ́ o, lọ́jọ́ tí mo bá kú, bí ẹ bá fi lè jẹ́ kí bàbá yìí so mí mọ́ nǹkan kan, kí ẹni kan máa tẹ̀ lé mi lẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀."

"Okùn kan ló tú, Clifford! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń bí èèyàn, wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ."

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, Clifford kú lóòótọ́, lórí àga rẹ̀, tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dà á nù. Àwọn Rudkirk tẹnu mọ́ ìyẹn gan-an: kò dà á nù.

Maureen ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sílé Edgar lọ́jọ́ kejì. Níhìn-ín, lọ́rì ló ń gbé awakọ̀ tó bá kú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́rì àtijọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ń rìn ní gbogbo agbègbè náà ni Haythorpe nọ́mbà kẹsàn-án, tí Edgar àtàwọn arúgbó mẹ́ta fi ọdún mọ́kànlá tún ṣe nínú abà kan. Nínú ọdún mọ́kànlá ọ̀hún, tíì ni wọ́n fi mẹ́jọ mu.

"Bọ̀ọ̀dá Edgar, lọ́rì la fẹ́ fi gbé Dádì lọ."

"Lọ́rì wo?"

"Tiyín."

"Maureen, ẹlẹ́wé ni."

"Mo mọ̀, sà."

"Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ kán, mo ní kó wọlé kí n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó ní òun á rìn."

"Kò lè rìn báyìí, Bọ̀ọ̀dá."

Edgar na ọwọ́ sí okùn aṣọ fèrèsé, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó tún fi iṣẹ́ rán mi sí yín," ni Maureen sọ. "Ó ní ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ so òun. Ó sì ní kí n má gbàgbé apẹ̀rẹ̀."

Edgar jókòó. Ó mọ ohun tó dé bá òun. Bí pósí Clifford bá fi lè sún ní ìwọ̀n àtàǹpàkò láti ibí dé ṣọ́ọ̀ṣì, Wàràkàṣì ni òun á máa jẹ́ títí òun fi kú, wọ́n sì lè gbẹ́ ẹ sára òkúta òun pàápàá. Bí kò bá sì sún, lójú gbogbo àwọn pupa àti ẹlẹ́wé, orúkọ náà tán. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ti ń wá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò rò pé òkú ló máa fún òun.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Sid Kirkbride, ẹni tí òun àti Clifford jọ wakọ̀ ní Rudkirk, ní èèwọ̀ ni, pé bí wọ́n bá gbé Clifford sórí ewé, á dìde. Wọ́n jà á dé ìdajì ọjọ́ nílé Jean kí wọ́n tó rántí òfin iṣẹ́ wọn: nígbà tí ọkọ̀ kò bá tó ilé iṣẹ́ kan, á bẹ òmíràn pé kó bá òun gbé ẹrù, ṣùgbọ́n tapólì ẹlẹ́rù ni wọn á fi bò ó, kí ojú má bàa tì í lójú ọ̀nà. Wọ́n rí tapólì Rudkirk kan lẹ́yìn ilé Clifford, ó ń bo igi ìdáná. Wọ́n fọ̀ ọ́. Ó parí. Ẹrù Rudkirk ni, Haythorpe kàn bá wọn gbé e ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, Ọ̀gbẹ́ni Birkett tó ń ṣe ètò òkú mú bẹ́líìtì ọ̀rá méjì wá, èyí tó ní irin lẹ́nu tó ń fún ara rẹ̀.

"Ẹ wò ó, bàbá, méjì yìí ti tó. Wọn ò lè tú láé."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́líìtì ni, sà."

"Lọ fi di ṣòkòtò ẹ."

Okùn gidi ni Edgar mú jáde, okùn ọ̀gbọ̀ bíi ti àtijọ́, tó ti wà nínú àpò láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kókó àwọn awakọ̀ ló so. Bí o bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ kókó yẹn, á di ẹrù mú bí ọmọ ti ń di ìyá rẹ̀ mú lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú un lọ síléèwé. Bí o bá sì fa ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tú wọ̀ọ̀. Okùn méjì ń mú ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́wàá dúró. Edgar lo mẹ́fà. Kókó méjìdínlógún, fún ọkùnrin tí kò wúwo tó ọmọ màlúù.

Tẹlifíṣọ̀n ti sọ pé òjò kò ní rọ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń gbé ní Westmorland wa yìí tó tún gba tẹlifíṣọ̀n gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ òjò, ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Edgar sì gbàgbé ohun tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: omi a máa mú kí irú okùn yẹn fún pinpin. Bí ojú ọ̀run bá dúdú, dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Wọ́n gbéra. Lọ́rì ewé níwájú, tapólì pupa lórí rẹ̀, ogún mọ́tò lẹ́yìn, Sid ní èkíní nínú wọn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ní itan. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Òkú ló rán an níṣẹ́. Wọn kò tíì rin máìlì méjì tí òjò fi dé, kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ láti òkè, èyí tó ń rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ni. Ní kọ́nà kejì òkè Shap, Edgar rọra tẹ búréèkì bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Àwọn tó wà lẹ́yìn yọ orí síta nínú òjò, wọ́n ń wò. Pósí kò mì.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mọ́kànlá lù tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Sid sọ̀ kalẹ̀, ó gun orí lọ́rì, ó fi èjìká ti pósí náà. Ó tún fi ẹ̀yìn tì í. Ó mí hẹlẹ.

"Wàràkàṣì, ó dúró o."

"Kí lo pè mí?"

Sid wo ilẹ̀. Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. "Edgar. Mo ní ó dúró."

Edgar fi áńkáṣíìfù nu imú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ìdí okùn, ó fà á kó tú.

Kò tú.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ó fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, ó fà á. Kókó náà ti le bí egungun. Sid gbìyànjú. Birkett gbìyànjú. Àlùfáà Hilary, tó jẹ́ obìnrin tí wọ́n bí sí oko màlúù, ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, òun náà gbìyànjú, ó sì sọ ohun kan tí kò sí nínú ìwé àdúrà. Àwọn tó fẹ́ gbé pósí dúró ní ìlà, omi ń kán létí wọn.

Ni Birkett bá yọ ọ̀bẹ lápò.

"Háà!" Ogún arúgbó ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ewé àti pupa. Àfi bí ẹni pé òkú ló fẹ́ gún. Nínú iṣẹ́ yẹn, ẹni bá gé okùn ti jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n so.

"Fi nǹkan yẹn sápò, ìwọ ọmọ yìí," ni Sid wí.

"Ẹ̀yin bàbá, òkú ni mo fẹ́ sin!"

"Òkú kò yára. Ìwọ lò ń yára."

Maureen fọwọ́ kan Birkett léjìká. "Jọ̀ọ́, má gé e. Dádì ò ní gbà."

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe ìsìn náà níta. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí dùùrù lè máa dún jáde, àlùfáà gun ibi tí wọ́n ń tẹ̀ wọ iwájú lọ́rì, ó ń wàásù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ nínú òjò, gbogbo wọn sì gbà pé ìwàásù náà dára púpọ̀. Orin ìkẹyìn parí, pósí ṣì wà lókè. Wọ́n gbé tíì jáde. Wọ́n gbé búrẹ́dì jáde. Ní agogo kan ààbọ̀, oòrùn yọjú, okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, Edgar tún fa ìdí okùn. Wọ̀ọ̀. Méjìdínlógún, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n já Clifford sílẹ̀ láì fara gbọgbẹ́, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn agogo tí wọ́n dá fún un, àwọn agbẹ́sàréè sì ti lọ jẹun ọ̀sán.

Láti ìgbà náà, kò sí àlàáfíà nílé Jean. Àwọn ẹlẹ́wé ní ẹrù Edgar kò mì, orúkọ burúkú yẹn ti bá Clifford wọlẹ̀. Àwọn pupa ní kò sẹ́ni tó sọ pé ó mì, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹrù kì í dé àyàfi tí ẹni tó ni ín bá rí i gbà. Wọ́n bi Maureen. Ó ní bàbá òun kò tètè dé ibi kankan rí láyé rẹ̀. Sid ní òun kò lè pè é ní Wàràkàṣì mọ́, àti pé bí òun bá sì pè é ní Edgar, ó ń ṣe òun bí ẹni tó ń kí àlejò.

Edgar kò dá sí i. Ó kàn jókòó níbi fèrèsé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń retí ohun tí wọ́n máa pe òun, tí Jean bá sì gbé tíì rẹ̀ dé, á dúró, á la ẹnu láti pè é, á tún pa á dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹrù tó dé láì mì, tó wá kọ̀ tí kò ṣeé já fún wákàtí mẹ́ta, kí ni kí wọ́n máa pe ẹni tó so ó?