Akèrègbè Tí Bàbá Mi Fi Ń Wọn Odò

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn ẹrẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ariwo odò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Abà wa wà ní òdìkejì odò sí Manígrì, kò sì sí afárá nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ráfíátù, ti wẹ̀, ó ti wọ kakí iléèwé rẹ̀, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa parí orúkọ kíkọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Basílà, lódìkejì omi.

Bàbá mú akèrègbè kékeré kan, ó bu omi sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Tó bá ṣófo, atẹ́gùn ni yóò máa tì í kiri, kì í ṣe omi. Ó jù ú sí àárín odò níbi igi irúgbá, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn létí odò bí ẹni ń lọ kí ará ilé. Bí akèrègbè bá ṣáájú rẹ̀ dé ìdí igi òrí tó wà nísàlẹ̀ odò, ẹnikẹ́ni kò ní í sọdá. Bí wọ́n ṣe ń wọn odò lábà wa nìyẹn.

Akèrègbè ṣáájú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Akèrègbè tún ṣáájú.

"Ẹ yára rìn díẹ̀, Bàbá!"

"Ráfíátù, bí mo bá yára, ṣé odò á rọra ni?"

Èmi ni mo wá là á mọ́ ọn lójú: "Ẹ̀rù ló ń bà yín." Kò nà mí. Ó ní ká padà sílé.

Kí omi tó fà, àyè ti kún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ráfíátù lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ó pẹ́ kí n tó tún bá Bàbá sọ̀rọ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, àwọn kan wá ri irin tó ní abẹ̀bẹ̀ kékeré bọ omi, wọ́n ń ka bó ṣe ń yí. Nísinsìnyí tí afárá ti wà, àpótí kan ni wọ́n so mọ́ ọn, oòrùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò fọwọ́ kan omi rárá, ó kàn ń wò ó látòkè, ó sì ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ bíi fóònù. Mo bi ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ló ń wá. Ó ní bí omi ṣe ń sáré ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn.

Lọ́dún yìí, omi gun orí afárá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ẹ̀bùn níléèwé ọmọ mi obìnrin. Àpótí ti ránṣẹ́ tirẹ̀. Ó ku èmi tí màá sọ fún ọmọ pé kò ní í lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹni tí kò bá sọdá, ojo ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn. Mo jókòó tì í, mo ń dúró kó jí, kó wá bínú sí mi tó bó ṣe fẹ́.