Opó Mẹ́wàá Wásinmi

Ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú fi ti Abẹ́òkúta dé Wásinmi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì ohùn kankan sí i: "Opo mewa ni yoo gba ero ti n rin ege."

Akóredé, àgbà ẹgbẹ́ níbẹ̀, ni wọ́n ní kó kọ orúkọ. Òpó mẹ́wàá ló ka "opo mewa" inú ìwé náà sí. Inú rẹ̀ dùn. Ta tún ni òpó ẹgbẹ́ ní Wásinmi tó ju òun lọ? Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó to ọkùnrin mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kó fura. Olóògbé Dìran, ọkọ Kùdírátù, ló kọ́ ọ níwèé lágbà. Dìran a máa sọ pé, "Ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì, bi í léèrè kó o tó dá a lóhùn." Akóredé ò béèrè.

Lọ́jọ́ ìpín ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ náà, Ọládipọ̀, aṣojú ẹgbẹ́, gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ̀yin opó, ọkọ yín kú, ẹgbẹ́ wa ò kú! Opó àkọ́kọ́, Akóredé!"

Ẹ̀rín sọ.

"Bàbá, ìgbà wo lọkọ yín kú?"

"Ìyàwó rẹ̀ ló kú. Àfúsá, ẹ tètè dìde ńlẹ̀ o, wọ́n ti ń pín nǹkan òkú yín!"

Àfúsá, ìyàwó Akóredé, fi ìbòrùn bojú. Kùdírátù, tó ti ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ láti ọdún mẹ́ta tí Dìran ti kú, ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ sílé.

Akóredé sún mọ́ Ọládipọ̀. "Àṣìṣe ni, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ."

"Ẹ má dà á rú, Bàbá. Opó, ìbò kan ló ní. Òpó á kó ogún wá. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ọpẹ́ yẹn dùn ún ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fún un sínú bárò, ó tì í dé ẹnu ọ̀nà Kùdírátù.

"Kùdírátù, tìrẹ nìyí."

"Ta ló kọ orúkọ, Bàbá?"

"Èmi ni."

"Ìwé tí Dìran kọ́ yín náà lẹ fi kọ ọ́?"

Akóredé na ọwọ́ sí ẹ̀rọ inú bárò.

"Ẹ gbé e síbẹ̀," ni Kùdírátù wí. "Ó ku opó mẹ́sàn-án."

Akóredé sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó yí bárò padà, ó kọrí sí ilé ọkùnrin tó kọ tẹ̀ lé ara rẹ̀.