Bí Bàbá Ìjọ Wa Ṣe Di Ìríjú Becontree

Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó lè kú, wọ́n lè lé e, ìbò lè gbé e ṣubú, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un láti dìde lọ́jọ́ kan kó ní, "Ó ti rẹ̀ mí o, mò ń relé." Òfin yìí ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, wọn kì í gbà. Wọ́n á ní, "Báwo ni Lágbájá ṣe wá ṣe é tó fi lọ?" Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé.

Òfin mìíràn wà tó ní ẹni tó bá gba iṣẹ́ olówó lọ́wọ́ ọba kò gbọdọ̀ jókòó nílé aṣòfin mọ́. Nítorí náà, aṣòfin tó bá fẹ́ lọ á kọ̀wé sí mínísítà tó ń mójú tó ìṣúra ìjọba pé òun fẹ́ di ìríjú òkè Chiltern. Láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́ṣà ló ń lúgọ sínú igbó òkè náà, ìríjú ló sì ń lé wọn. Lónìí, kò sí ọlọ́ṣà níbẹ̀, kò sí owó oṣù, kò sí ọ́fíìsì. Mínísítà á fọwọ́ sí i, aṣòfin á di ìríjú, ojú ẹsẹ̀ ni àyè rẹ̀ á ṣófo. Irú oyè bẹ́ẹ̀ kejì tún wà, ti ilẹ̀ Northstead lápá àríwá. Bí ẹnì kan bá gba Chiltern, Northstead ni ẹni tó tẹ̀ lé e máa gbà. Ilé ńlá tó wà lórí ilẹ̀ Northstead ti wó tipẹ́. Ọgbà ìgbafẹ́ tó ní adágún omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó. Mo ya fọ́tò àwọn pẹ́pẹ́yẹ, inú mi sì dùn títí mo fi délé.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọ́fíìsì ilé ìwé kan ní Becontree, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ọmọ náà kì í sùn àfi tí mo bá tan ìkànnì tí wọ́n ti ń fi ilé aṣòfin hàn. Ohùn olórí ilé tó ń pariwo pé kí gbogbo wọn dákẹ́ ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Ọmọ ń sùn, èmi ń wò. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, òṣèlú ò sì kàn án. Èmi ni mo kó àrùn náà. Ní ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun kan nítòsí àwókù Abbey, ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn láyé àtijọ́, ní Barking, "Ọnọ́rébù" ni wọ́n ń pè mí.

Èmi ni mo tún máa ń fi mọ́tò gbé Bàbá Ìjọ relé sí Dagenham East lẹ́yìn ìsìn. Bàbá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Màmá gbin ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́, wọ́n ní kí ọkọ àwọn máa bọ̀. Bàbá ní àwọn ń bọ̀. Ọsàn ti so, Bàbá ò tíì dé.

Kì í ṣe pé Bàbá ò fẹ́. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n dìde lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi. Gbogbo alàgbà ìjọ ló dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó dìde títí Bàbá fi ní ó dáa. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n dá orin sílẹ̀, omi bọ́ lójú Bàbá, wọ́n jókòó padà. Nínú ìjọ wa, ikú nìkan ló ń gba àga lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ. Ẹni tó bá dìde lórí rẹ̀ láàyè, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣe. Ohun tí Bàbá ń bẹ̀rù nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìjà ló lé àwọn lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, rédíò mọ́tò mi ní aṣòfin kan láti ọ̀nà jíjìn ti fẹ́ lọ. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún Bàbá bí a ṣe dúró sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ní Becontree Heath, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀.

"Tó bá dé òkè yẹn," ni Bàbá wí, "kí ló máa ṣe níbẹ̀?"

"Kò ní débẹ̀ rárá, Bàbá."

"Àwọn ọlọ́ṣà ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú tán."

"Ta ló wá ń sanwó fún un?"

"Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Òfin ló kàn gbà pé iṣẹ́ olówó ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn nù. "Òyìnbó gbọ́n o. Wọn ò lé e, òun náà ò sì sá. Wọ́n fi oyè sìn ín sọ́nà."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í mọ ibi tí mo ti ń dúró. Mo sọ fún Bàbá pé òkè Chiltern wà lára àwọn agbègbè tí wọ́n pín ilẹ̀ yìí sí kí káńsù tó dé, àti pé Becontree náà jẹ́ ọ̀kan. Orí pápá tí a dúró sí yìí gan-an ni àwọn àgbààgbà agbègbè náà ti ń pàdé, lábẹ́ òfuurufú, láti dá ẹjọ́. Bàbá wo àwọn bọ́ọ̀sì pupa tó tò síbẹ̀.

"Becontree ní ìríjú?"

"Kò ní báyìí, Bàbá."

A dé ẹnu ọ̀nà Bàbá. Wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, tí ẹnì kan bá di Ìríjú Becontree, ṣé ó tún lè jẹ́ Bàbá Ìjọ?"

"Òfin ò gbà á, Bàbá."

"Òfin wo?"

"Èyí tí a máa ṣe."

Ọ̀sán Sátidé la ṣèpàdé àwọn alàgbà. Mo ṣàlàyé fún wọn láti orí Chiltern dé orí pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa, tí ahọ́n wọn mú ju abẹ lọ, jẹ́ kí n parí.

"Ọnọ́rébù, o fẹ́ lé Bàbá."

"Rárá o, Mà. A fẹ́ gbé wọn ga ni."

"Mósè fẹ̀yìn tì?"

"Mósè gbọ́wọ́ lé Jóṣúà, Mà."

"Kí ni iṣẹ́ ìríjú ọ̀hún?"

"Kó máa lé ọlọ́ṣà kúrò ní Becontree."

"Pẹ̀lú orúnkún wo?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì gbà. Nígbà náà ni alàgbà tó dàgbà jù, tó ti ń tòògbé, lajú, ó sì béèrè ohun tí n kò múra sílẹ̀ fún.

"Ṣé ó ní aṣọ?"

Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, n kò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ aṣọ. Mo wo ojú Bàbá. Bàbá wo ojú mi.

"Ó ní," ni mo wí. "Ọ̀já aláwọ̀ ewé ni." Àwọ̀ àga ilé aṣòfin ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà, fífẹ̀ ọ̀já nìkan la ń jiyàn lé. Ìyá Ìjọ ní a gbọ́dọ̀ fi wúrà sí etí rẹ̀, àwọn fúnra àwọn làwọn máa rán an.

Aṣòfin tiwa gan-an wá lọ́jọ́ ìwúyè. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi tiwa, ó ki ìbọ̀sẹ̀ bọ àpò. Ó rí i bí Bàbá ṣe gba ọ̀já, bí igbákejì wọn sì ṣe jókòó sórí àga láìsí pé ẹnì kan sunkún. Ó bi mí ta ló ronú kan èyí. Mo ní ilé aṣòfin tiyín ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo mọ èyí tó kàn báyìí, Chiltern tàbí Northstead. Àwa méjèèjì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: "Northstead!"

Bàbá pe Màmá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, pẹ̀lú ọ̀já lọ́rùn. "Wọ́n ti fi mí jẹ oyè o."

Ojú Màmá fà ro. "Oyè míì? Mo ti mọ̀ pé ẹ ò ní wá. Ẹ kú oyè o, Bàbá Lọ́ńdọ̀nù." Wọ́n kọjú fóònù sí igi ọsàn, ewé nìkan la ń rí.

"Fetí sílẹ̀ ná. Oyè yìí ò ní iṣẹ́."

"Oyè wo ni ò ní iṣẹ́?" ni igi ọsàn béèrè.

Bàbá na fóònù sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

"Ọmọ mi, fi ìtàn sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ṣé wọ́n ń bọ̀ àbí wọn ò bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀, Mà. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n dúró mọ́."

Ewé kúrò, ojú Màmá yọ. Wọ́n wo ọ̀já náà dáadáa. "Kí wọ́n ra ṣòkòtò tó fúyẹ́. Ooru ń mú níbí."

Bàbá ti wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó báyìí. Ìyá Ìjọ ti fọgbọ́n bi mí bóyá Northstead náà ní ọ̀já. Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí mo bá ti gba Becontree Heath kọjá, Bàbá á pè.

"Àwọn ọlọ́ṣà ńkọ́?"

"Kò sí wọn, Bàbá. Bọ́ọ̀sì nìkan ni mo rí."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ń lọ."

Mo sì máa ń gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn wọn: "Ìríjú, ẹ wá bá mi bó ọsàn."