Àyè Kan Nínú Ọkọ̀ Ṣọ́ọ̀kì

Tí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ pé ìwé kíkà ló ń sọ ọmọ di èèyàn rere, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Àárín àwọn tó fẹ́ràn ìwé ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìkà. Ọmọbìnrin márùn-ún ni wọ́n, ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìlaròó, èmi sì ni ìkẹfà tí wọn ò kà mọ́ ara wọn.

Ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ kan ló pa wọ́n pọ̀. Apá mẹ́ta ló ní. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ni wọ́n bí sínú ọkọ̀ ojú omi kan, òfin sì dè wọ́n pé ẹsẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ láéláé. Apá kìíní àti ìkejì ti kọjá lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì wa débi pé èèpo ẹ̀yìn wọn ti já, sẹ́lótéèpù ló kù tó ń dì wọ́n mú. Àwọn márùn-ún yìí wá fi ìtàn náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kálukú mú ẹnì kan nínú ìwé, ó sì di onítọ̀hún: ọ̀gá ọkọ̀, òmùwẹ̀, alásè, ayàwòrán-ọ̀nà àti aṣọ́nà. Tí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkọ̀ sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ẹ̀yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, wọn á bọ́ bàtà, wọn á jókòó sínú rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ ojú ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Wọ́n lè bára wọn jà títí di àkókò ìjáde lórí ẹni tí òmùwẹ̀ yẹ kó fẹ́. Ẹ má rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wù mí débi pé mo máa ń lá a lálàá.

Ṣùgbọ́n èmi ò lè wọlé. Pọ́bẹ̀, lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, ni mo ti ṣe prámárì, nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a padà dé Ìlaròó, Gẹ̀ẹ́sì mi ń kọsẹ̀, wọ́n sì sọ mí ní Àgànyìn. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, àwọn bàbá ńlá wa ti ń dáko nílẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó pa bọ́dà kankan. Kò ràn mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà mí, ọ̀gá ọkọ̀ wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Èèyàn márùn-ún ló wà nínú ìwé. Ṣé kí a wá kọ ẹ sí i ni?"

Ìyá mi ló mú apá kẹta wálé láìmọ̀. Òkìrìkà ló ń tà. Ó máa ń lọ kó o ní Kútọnu, á sì gba Ìdí-Ìrókò wọlé. Inú ẹrù kan tó kún fún àpò ọmọléèwé ni a ti bá ìwé náà, lédè Faransé. Kò tíì sí ẹni tó rí i ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ wa. Mo jókòó sórí ẹrù, mò ń gbọ̀n. Ìyá mi rò pé ibà ló fẹ́ mú mi.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí kọ́rídọ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí i síwá, wọ́n ṣí i sẹ́yìn, wọn ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bẹ̀ mí. A ṣàdéhùn pé kí n máa kà á fún wọn ní Yorùbá, orí kan lójúmọ́, tí mo bá sì kà á tán, wọn á wá àyè fún mi. Kó tó di ìgbà náà, ìta ṣọ́ọ̀kì ni kí n ti máa kà á. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, tí mò ń fi ẹnu túmọ̀ ìwé. Mi ò fo gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń bi ìyá mi. Tí òun náà ò bá mọ̀ ọ́n, mo máa ń sọ fún wọn pé ibẹ̀ ò yé mi. Títí di òní, mi ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan tí mo fi yangàn tó ìyẹn.

Nínú àwọn márùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe bí ẹni pé èèyàn ni mí, ìyẹn ni alásè. Ọmọ àgbẹ̀ kan láti Ajilete ni, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé ní àdúgbò wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń na ẹ̀pà sí mi kọjá ojú ṣọ́ọ̀kì.

Mo máa ń kà síwájú tí mo bá délé. Bí mo ṣe dé orí kejìdínlógún, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ọ̀gá ọkọ̀, ẹni tí ìwé méjì àkọ́kọ́ ń gbé gẹ̀gẹ̀, òun ló ta àwọn yòókù. Àwọn ará orí ilẹ̀ fi ilé kan lọ̀ ọ́, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Mo lọ sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ tiwa kí ọ̀rọ̀ náà má baà bá a lójijì láàárín ẹgbẹ́. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Òpònú ni mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá sílé wa, ẹni tí kò bá mi rìn dé géètì rí. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ìyá mi fún un lómi, inú rẹ̀ ń dùn pé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé ló tó bú sẹ́kún.

"Yí i padà," ó ní. "Jọ̀ọ́, fi ṣe ẹlòmíì."

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló máa mọ̀? Ṣebí ìwọ nìkan lo gbọ́ Faransé."

"Ta ni kí n wá fi ṣe?"

Ó nu ojú rẹ̀. Kò tiẹ̀ rò ó. "Fi ṣe alásè. Ìyẹn ò ní lè sọ nǹkan kan. Àyè ẹ̀ á sì ṣófo, wàá rí ibi jókòó."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń dá irú ọgbọ́n yìí o! Ó yẹ kí n lé e jáde. Láti ìgbà náà, mo ti ro èsì tí ǹ bá fún un ní oríṣiríṣi ọ̀nà, gbogbo wọn ló mú ṣáṣá. Èyí tí mo fún un lọ́jọ́ náà ni, "Ó dáa."

Mo kà á lọ́jọ́ kejì. Ojú mi ń wo òótọ́ lórí ìwé, ẹnu mi ń sọ irọ́. Alásè ló ṣílẹ̀kùn. Alásè ló tà wọ́n. Ọ̀gá ọkọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu: "Dìde níbẹ̀." Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ò lè bá àwọn jókòó. Ọmọ Ajilete yẹn ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni, títí wọ́n fi ju bàtà rẹ̀ síta. Ó ṣa bàtà, ó sì lọ. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí èmi ṣe? Mo bọ́ bàtà tèmi. Mo kọjá ojú ṣọ́ọ̀kì, mo jókòó síbi tó ti dìde, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìyókù, gbogbo ibi tí ìwé bá sì ti pe ọ̀gá ọkọ̀ ní ọ̀dàlẹ̀, mo fi alásè rọ́pò rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹnì kan fi ra apá kẹta ní Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó fún òmùwẹ̀. Ó kà á tán láàárín ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi ìka há inú ìwé, ó ń bọ̀ wá bá wa. Ó ka orí kejìdínlógún sétí wa, níbi tí ọ̀gá ọkọ̀ ti ṣílẹ̀kùn. Kó tó pa ìwé dé, ọ̀gá ọkọ̀ ti fò dìde.

"Ó purọ́ fún wa! Àyè alásè ló fẹ́ gbà! Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ gan-an ló jókòó sí?"

Ó sáré lọ fa ọmọ Ajilete náà lọ́wọ́ wá, ó gbá a mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣe é kíákíá débi pé kò sẹ́ni tó rántí bi òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Mo sọ òótọ́. Mo ní òun ló wá bá mi nílé, òun ló ní kí n yí i padà. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Òmùwẹ̀ ní gbogbo ohun tí mo ti ń kà fún àwọn láti ọjọ́ kìíní, irọ́ ni. Ìyẹn dùn mí ju lílé tí wọ́n lé mi lọ. Orí mẹ́tàdínlógún tí mo fi òógùn túmọ̀! Mo wo ọmọ Ajilete. Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti alásè yẹn pàdé nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìdí-Ìrókò. Nọ́ọ̀sì ni báyìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó ní tòun ti ń sunkún láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ìwé kan lórí fóònù, torí pé ó ní òun ò fẹ́ràn ẹni tí gbogbo wọn fẹ́ràn. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa fún un.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ṣebí ilé àǹtí mi ló kọjú sí tiyín. Mo rí i nígbà tó ń jáde, tó ń nu ojú. Bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lọ́jọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àyè mi padà fún mi ni."

Mo bínú títí a fi dé Ìdí-Ìrókò. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó bi ara mi léèrè ohun tí mò ń bínú sí. Ohun tó ṣe yẹn náà ni èmi ṣe, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ṣe é.