Kásẹ́ẹ̀tì Tó Wá Láti Ṣakété

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí yunifásítì tí mo ti kàwé, kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Mi ò tíì sọ gbólóhùn kejì tí àwọn tó jókòó níwájú fi dìde. Wọ́n tò wá sídìí tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé fóònù wọn kalẹ̀ síwájú mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn mi, wọ́n padà lọ jókòó, wọ́n káwọ́ gbera. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ tán tó jáde lọ. Ó rán fóònù rẹ̀ wá sí kíláàsì. Ó yẹ kí inú bí mi. Ṣùgbọ́n ìró títẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ti gbé ọkàn mi kúrò níbẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo wá sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dáyé bá fóònù lè má mọ kásẹ́ẹ̀tì. Ike pẹlẹbẹ kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, téèpù tín-ín-rín sì wà ní wíwé nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ tóbi tó búrẹ́dì, bátìrì mẹ́rin ló sì ń jẹ. Nígbà tiwa, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń kún tábìlì ọ̀jọ̀gbọ́n wa, nítorí gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ kò gba ìdajì wa. Ẹni tí kò bá tètè dé yóò dúró sójú fèrèsé níta, ohun tí yóò sì gbọ́ nípa òfin ìjọba kò ní ju igbe ewúrẹ́ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní òfin ìjọba ti kàwé nílẹ̀ Faransé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó máa ń wọ kóòtù nínú ooru Kútọnu, a máa làágùn bí ẹni tó ru igi. Ìwé tó ń kà fún wa ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ń kà á tàmì-tàmì, a sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀. Bó bá wúkọ́, àwọn kan nínú wa a gbé kálámù dúró, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n kọ ìyẹn náà. Èmi kò sàn jù ú lọ. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta ní yunifásítì tí mo ti ń sọ Faransé láti ihò imú. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún iléyá, ìyá mi bi mí bóyá ọ̀fìnkìn ń ṣe mí.

Ráfíù ni a jọ ń gbé yàrá kan ní Akpakpa, tí a bá ti sọdá afárá, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń jó irin. Ọmọ Ṣakété ni, ó ga, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì funfun débi pé bí iná bá lọ, mo máa ń ní kó rẹ́rìn-ín kí n lè ríran kàwé. Lábẹ́ ibùsùn wa ni páálí kásẹ́ẹ̀tì wà. A kì í ra tuntun. Kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù àlòkù ni a ń rà ní ọjà Dantokpa. Àwọn tó ni ìwàásù ti ṣẹ́ ike kékeré méjì tó wà létí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ohùn mìíràn lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wàá jẹ bébà díẹ̀ lẹ́nu, wàá fi dí ojú ihò náà, ẹ̀rọ yóò sì gbà pé kò sí ohun tó ṣẹ́. Báyìí ni a ṣe fi òfin ìjọba pa ọ̀pọ̀ ìwàásù rẹ́. Nígbà mìíràn, bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀ tí téèpù ṣì kù, oníwàásù a yọjú ní ìparí, a kìlọ̀ iná ọ̀run fún wa.

Fún Ráfíù, kásẹ́ẹ̀tì náà ni lẹ́tà, torí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà kò mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá tó bí i kú. Lọ́dún kejì, àbúrò bàbá rẹ̀ gbéyàwó, ìyàwó tuntun náà sì gbà á tọ́. Màmá ni Ráfíù ń pè é. Ṣùgbọ́n òun kò pe orúkọ Ráfíù rí. Ẹ̀yin ọmọ ìlú ńlá lè má mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí kò tíì hu eyín. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Orúkọ mìíràn ni yóò wá fún wọn. Màmá wo ẹnu ọmọ náà, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ó wẹ̀ ẹ́, ó pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ó gbá a létí nígbà tó jí ẹ̀pà jẹ, ó ta gààrí kó lè kàwé, kò sì pè é ní ohun mìíràn.

Ní oṣooṣù, aránṣọ iwájú ilé wọn a gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, Màmá a sì jókòó tì í bí ẹni tó gbàlejò. Awakọ̀ tó ń ná Ṣakété sí Dantokpa ló ń mú kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀. Ìkíni ló ń gba ìdajì rẹ̀. Ó kí Ráfíù, ó kí mi, ó kí onílé wa, ó kí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó béèrè bóyá afárá tí à ń gbà kọjá ṣì lágbára. A máa ń gbọ́ àkùkọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, a máa ń gbọ́ aránṣọ tó ń sọ pé, “Màmá, téèpù ń tán lọ o,” àti òun náà tó ń dá a lóhùn pé, “Jẹ́ kó máa lọ. Ọkọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ Faransé dáadáa bá wà nítòsí, mo máa ń yí ohùn náà wálẹ̀. Ráfíù a yí i padà sókè. Kò bá mi jà nítorí rẹ̀ rí.

Ní ọdún kẹta wa, lásìkò ọyẹ́, kásẹ́ẹ̀tì kan dé tí kò ní ìkíni. A ti gbọ́ pé ara Màmá kò yá, a kò mọ̀ pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀. Èémí rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́, ó sì pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo ti pè ọ́ lọ́kọ tipẹ́. Jẹ́ kí n pè ọ́ lọ́mọ lónìí. Ráfíù. Ráfíù ọmọ mi.” Kò sí ohun mìíràn. Téèpù ń yí lásán, títí àkùkọ kan fi kọ, tó sì tán.

Ráfíù pa ẹ̀rọ náà. Ó ní, “Ó ti pe orúkọ mi.”

Mo fẹ́ sọ ọ́ di eré. Mo ní, “Ṣé kì í ṣe orúkọ rẹ ni?”

“Ó ti parí ìyàwó ṣíṣe nìyẹn,” ni ó wí. “Ó ń dágbére.”

Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú páálí abẹ́ ibùsùn, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ṣakété. Nígbà tó débẹ̀, Màmá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kú.

Èmi tí mo kù ní Akpakpa ń ronú ohun tí mo lè ṣe fún ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀kọ́ pàtàkì kan lọ́sẹ̀ yẹn, ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Mo ní n ó gbà á sílẹ̀ fún Ráfíù kó má bàa pàdánù rẹ̀. Ní kùtùkùtù, mo na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, mo mú èyí tí ọwọ́ mi bà. Ike etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ìwàásù ni, mo wí nínú ara mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé aránṣọ Ṣakété náà lè ti ṣẹ́ ike, torí ó mọ ohun tó gbà sínú rẹ̀. Mo jẹ bébà, mo dí ihò méjèèjì, mo sì sáré kí n lè ráàyè níwájú.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ráfíù dé lọ́sàn-án. Mo fi ìgbéraga sọ fún un pé mo gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un. Ó ní, “O ṣé.” Lẹ́yìn náà ó fa páálí jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwàásù. Ìwàásù. Òfin ìjọba ti ọdún tó kọjá. Nígbà tí páálí ṣófo, ó mú èyí tó wà lórí tábìlì, tí mo kọ àkọlé sí lára pẹ̀lú ìkọ̀wé mi tó dára. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ pa á, Ráfíù sì mú ọwọ́ mi kúrò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí agbára mínísítà títí dé ti gómìnà ẹkùn. Ó ń dúró bóyá Màmá yóò yọjú ní ìparí bí àwọn oníwàásù. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n parí, ẹ̀rọ yí lásán díẹ̀, lẹ́yìn náà àkùkọ kan kọ, téèpù sì tán.

A jókòó.

“Ìwọ náà gbọ́ ọ,” ni Ráfíù wí níkẹyìn.

“Mo gbọ́ ọ.”

“Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Ó mi orí. “Kétu nìyẹn. Má sì sáré kọjá orúkọ mi. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.” Mo tún un sọ. Ó ní ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A wà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹnu tí mo ti fi ọdún mẹ́ta tún ṣe fún Faransé ni mo fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin onígààrí Ṣakété bí ọmọ tuntun.

Mo gba mọ́kànlá nínú ogún nínú ìdánwò náà. Òfin tí ọ̀jọ̀gbọ́n kà fún wa, wọ́n ti yí i padà láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ mọ́.

Ráfíù lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Parakou, ó sì gbéyàwó níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún iléyá ló máa ń pè mí. Bí a bá ti kí ara wa tán, yóò ní, “Sọ ọ́ kí n gbọ́.” N ó sọ ọ́, òun yóò dákẹ́, lẹ́yìn náà yóò béèrè àwọn ọmọ mi. Kò sọ fún mi rí pé òun ti dárí jì mí, èmi náà ò sì béèrè. Lọ́jọ́ mìíràn mo rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn mo rò pé ó fi ohun tó kù fún un pa mọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ Sádíà ti wọ yunifásítì báyìí, ó sì máa ń yà kí mi nílé mi ní Cadjèhoun. Ó sọ fún mi pé ohùn bàbá òun kún inú fóònù òun, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kú, òun kò tíì lè ṣí ẹyọ kan gbọ́. Mi ò ní ìmọ̀ràn fún un. Àwa ní ẹyọ kan, a sọ ọ́ nù, a sì fi ẹnu gbé e fún ogún ọdún. Òun ní púpọ̀, kò sì sí èyí tó fúyẹ́ láti gbọ́. Àwọn ìyàwó ilé ìwòyí ń pe orúkọ gbogbo ènìyàn, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Èmi kò sọ pé kí wọ́n má pè é. Mo kàn mọ̀ pé ẹnì kan wà tó fi orúkọ kan pa mọ́ láti kékeré ọmọ títí dé ọjọ́ tí kò ní nǹkan mìíràn tó lè fún un mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Sádíà bi mí pé, “Bàbá, kí ni ẹ máa ń sọ fún bàbá mi lórí fóònù nígbà ọdún, tó fi máa ń dákẹ́?”

Mo sọ ọ́ fún un. Bóyá ohùn Màmá ló ṣì wà nínú rẹ̀ tàbí ti Ráfíù tó ń tún tèmi ṣe, èmi fúnra mi ò mọ̀ mọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń sọ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa, bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta, ó sì kánjú kọjá lórí orúkọ bàbá rẹ̀.

Mo ní, “Má sáré. Ibẹ̀ ni kí o dúró sí.”